Tààrà

Ògbufọ̀ ni mí ní Croydon, yàrá kẹfà, àjà kẹrin.
Wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń sanwó fún mi
kí n gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu dé etí, kó má kán sílẹ̀.
N ò gbọdọ̀ bù iyọ̀ sí i. N ò gbọdọ̀ yọ egungun inú rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, Abbakar Haroun ló jókòó,
ọmọ Kutum, ní Darfur,
ó wọ bàtà méjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.
Ìyáàfin Pritchard bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bi ọmọdé:
"Ṣé o gba Ítálì kọjá?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Ṣé ogun wà níbẹ̀?" Ó ní rárá.
"Faransé ńkọ́?" Ó ní òjò ló wà níbẹ̀.
Mo túmọ̀ òjò. Ìyáàfin kọ òjò sílẹ̀.

Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.
Ti Abbakar tàn án jẹ.
Ní Lampedusa, ọlọ́pàá kan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú,
ó tẹ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mọ́ gíláàsì tútù,
láti ọjọ́ náà ni àwọn ìka ọ̀hún ti ń ṣáájú rẹ̀ rìn:
kó tó dé Ventimiglia, wọ́n ti débẹ̀,
kó tó dé Calais, wọ́n ti jókòó sórí tábìlì,
wọ́n ń fi ẹni tó ni wọ́n sùn.

Agbẹjọ́rò rẹ̀, Míìsì Okell, tí ikọ́ ń bá jà,
ṣí ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ká:
àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ̀ ní Geneva
nígbà tí eérú ogun ńlá kò tíì tutù.
"Ẹ fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí,
pé ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ nìkan ni ẹni tí ogun lé dé lè kàn."
Pritchard ní ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀: tààrà.
Ẹni tó bá ti inú ewu wá tààrà ni wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ.
Okell ní adájọ́ ti sọ ọ́ rí
pé ẹni tó dúró mí lójú ọ̀nà ṣì ń bọ̀ tààrà.
Pritchard ní àwọn aṣòfin ti mú pẹ́ńsù lẹ́yìn ìyẹn.
Okell wúkọ́.

Wọ́n kọjú sí mi. Kí n túmọ̀ tààrà.

Ọfà ń lọ tààrà. Òjò ń rọ̀ tààrà, bí afẹ́fẹ́ bá gbà fún un.
Ẹni tí iná ràn mọ́ láṣọ ńkọ́?
Ó ń ya bàrà, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni,
ibi tí ohùn ẹni tó mọ̀ ọ́n ti ń dún ló ń sá lọ.
Ohùn kan ṣoṣo tó kù fún Abbakar, Hull ló wà:
Mastura, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn lóru,
tó lè ka orúkọ gbogbo àwọn tó kú láìwo ìwé.

N ò sọ ìkankan nínú rẹ̀.
Mo ní tààrà. Ó gùn díẹ̀ ní èdè wa.

Abbakar gbọ́. Ó wo bàtà rẹ̀,
ó wá yíjú sí mi, kì í ṣe sí wọn:
"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà wo lẹ̀yin gbà débí?"

N ò gbọdọ̀ dáhùn.
Mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún wọn bó ṣe bi í.
Pritchard kò kọ ọ́ sílẹ̀.
Mo rọra kó ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ tábìlì.