Òwú Tó Rì Sínú Epo

Ní Níṣápúrì, lọ́dún tí yìnyín pa òdòdó lórí igi èso,
wọ́n gbé Bundárì wọ ilé ọ̀gá mi.
Mo ní wọ́n gbé e: ìbaaka rẹ̀ ti kọ̀ ní ẹsẹ̀ òkè,
ọkùnrin mẹ́rin ló ń tì í lẹ́yìn bí ẹni ń ti ìlẹ̀kùn ibodè.
Òun ló ń ta òkúta aláwọ̀ ojú ọ̀run
tí wọ́n ń wà nínú òkè lẹ́yìn ìlú.
Òrùka kan ti rì sínú ìka rẹ̀,
a ò rí fàdákà mọ́, òkúta nìkan ló ń wò wá bí ojú ẹja.

Èmi Sahláànù, akọ̀wé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
mo jókòó sí igun pẹ̀lú gègé àti tàdáà.
Ìfun mi ń sọ̀rọ̀. Mo ń fi ikọ́ bò ó.

Ọ̀gá mi Rúsíbè di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.
Ó pẹ́.
"Ó ń lù láti ọ̀nà jíjìn," ó ní,
"bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn lẹ́yìn ògiri méjì."
Ó ní kí n gbé àtùpà wá.
Ó da epo sí i, ó tún da epo sí i,
títí òwú fi rì, tí iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, tó kú.

"Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ ti rí i ṣáájú wa:
ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro pupa, òróòro dúdú,
àwọn mẹ́rin ló ń pín ara jẹ.
Nínú tìrẹ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti gorí oyè. Ó tutù, ó rin,
ọ̀rá sì ti fún ọ̀nà tí ẹ̀mí ń gbà.
Títóbi kọ́ ni àìsàn rẹ. Iná rẹ ló ń rì."

Bundárì ní, "Bàbá mi sanra. Ìyá bàbá mi sanra.
Ẹni tó bá rù là ń bá kẹ́dùn nílé wa."

"Kọ ọ́," ọ̀gá mi ní. Mo kọ ọ́:
kó wọ ilé ìwẹ̀ olóoru kó tó fẹnu kan nǹkan;
kí wọ́n fi aṣọ ṣákiṣàki ra á lára;
oyin àti ọtí kíkan, abọ́ kékeré, láàárọ̀;
kúmínì; ewé tó ń kún ikùn tí kì í bọ́ ara;
ilẹ̀ líle ni kó sùn sí, kí oorun má pọ̀;
kó máa fẹsẹ̀ rìn. Kó má kánjú:
ẹni tó bá fagbára fa ọ̀rá tu, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Mo wo ohun tí mo kọ.
Ilẹ̀ líle, ewé, ẹsẹ̀, oorun díẹ̀:
ìgbésí ayé mi ni, àfi oyin.

Ọkùnrin náà rí ojú mi.
"Ìrẹsì tí mi ò ní jẹ," ó ní, "ta ni yóò jẹ ẹ́?"

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ ń gbé abọ́ wá,
ìrẹsì, ọ̀rá ìrù àgùntàn, èso àjàrà gbígbẹ.
Bí mo ti ń jẹ, Bundárì ń rìn.
Oṣù kìíní, ó dé ẹnubodè àwọn oníṣẹ́ awọ;
àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e, wọ́n ń fẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe tirẹ̀.
Ó sunkún, ó sì tún jáde lọ́jọ́ kejì.
Nígbà ìkórè, òrùka bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀.
Wọ́n tú gbogbo ojú àgbàrá. Wọn ò rí i.
Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ló tún lò. Ibà ló pa á.

Ọ̀gá mi ti lọ. Èmi ni wọ́n ń pè lọ́gàá báyìí,
èmi tí mo ń dúró sinmi ní àtẹ̀gùn kẹta.
Lánàá mo ní kí ọmọ akọ̀wé mi ka ojú ìwé náà sí mi létí.
Ó jókòó sí igun. Ó kà á dé ibi oyin,
ó dákẹ́, ó wúkọ́.
Òtútù kankan ò mú ọmọ náà.