Okun, Òkun, Okùn

Lókè ilé oníbúrẹ́dì kan ní Òkèsà, ní Iléṣà,
yàrá kan wà tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí tán.
Ibẹ̀ la ń kóra jọ sí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.
Bí iná bá wà, a dúpẹ́.
Bí kò bá sí, Gbéminíyì á fa okùn jẹnẹrétọ̀,
á wúkọ́, á wúkọ́, kó tó rántí iṣẹ́ rẹ̀.

Tíṣà Fádùgbà ti fẹ̀yìn tì,
ṣọ́ọ̀kì ò tíì kúrò nínú ohùn rẹ̀.
Ìbídùn ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀;
òórùn òjé yíyọ́ máa ń bá a gun àtẹ̀gùn.
Èmi, aránṣọ ni mí.
Wọ́n ní mo mọ àmì ohùn,
kí n máa rán an mọ́ ọ̀rọ̀ bíi bọ́tìnnì.

Baba ńlá mi ṣòwò òṣómàáló.
Ó ru aṣọ dé Èkìtì, ó tà á láwìn,
lọ́jọ́ owó ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò dìde títí owó fi bọ́ sí i lọ́wọ́.
Àwa náà lóṣòó,
sídìí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wákàtí mẹ́ta,
ẹnikẹ́ni ò sì jẹ wá ní kọ́bọ̀.

Oṣù tó kọjá, agbára ló dá ìjà sílẹ̀.
Gbéminíyì pe fọ́ọ̀sì ní agbára, ó pe pówà ní agbára,
ó pe ẹ́nájì náà ní agbára.
Tíṣà ní, "Ìyá mẹ́ta kì í jẹ́ orúkọ kan nínú agbo ilé,
kí ọmọ má baà ṣi ìkòkò ṣí."
Ó ti tábìlì. Tábìlì ò mira.
"Upá nìyẹn," ó sọ ọ́ lẹ́nu Ìjẹ̀ṣà;
mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní ipá.
Ó fọwọ́ lu ikùn, níbi tí ẹ̀bà ọ̀sán wà:
"Okun nìyí. Mo ní in, bí n kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan."

Gbéminíyì tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ayélujára mọ́jú,
ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ ò ní àmì ohùn,
èmi sì ti sùn lọ sórí aṣọ oníbàárà.
Ẹnìkan tí a ò mọ̀, ní ìlú tí a ò mọ̀,
rí "okun" ní ìhòòhò, àánú ṣe é,
ó wọ̀ ọ́ láṣọ: okùn.
Fún ọjọ́ méjì gbáko, nínú ìwé ìmọ̀ tí gbogbo ayé lè ṣí,
okùn di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè dá, tí kì í sì í parun,
okùn inú oòrùn, okùn inú iṣu.

Ọmọ kan kọ̀wé láti Ìpetu:
Ẹ jọ̀ọ́, bí okùn kì í bá parun,
kí ló dé tí ti ewúrẹ́ wa fi já lánàá?

Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́.
Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.
"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni,
akẹ́kọ̀ọ́ kan ò bi òfin léèrè ewúrẹ́ rí."
Ó dá a lóhùn, ojú ewé kan àbọ̀:
okùn já lóòótọ́, ṣùgbọ́n okun tí ewúrẹ́ fi fà á ò sọnù;
díẹ̀ di ooru nínú okùn, díẹ̀ dún sínú afẹ́fẹ́,
ìyókù ló gbé ewúrẹ́ wọ oko olóko.

Lálẹ́ yìí, àyípo ló kàn,
bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tún ohun kan ṣe láìsinmi.
Wọ́n wo ara wọn. Mo ní, ẹ jẹ́ n kọ ọ́:
abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ jáde,
bí aṣọ bá ṣẹ́ kù, padà sí ìlà kìíní;
bí aṣọ bá tán, já òwú.

A ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí Ìbídùn ní ká wò ó:
ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Oléwúrẹ́
ti wọ ojú ewé omi ńlá, aago mọ́kànlá òru,
ó rí "okun" kan tí kò wọ nǹkan kan láàárín àwọn ọkọ̀,
ó fi àmì kan ṣoṣo lé e lórí.
Kò kọ ìdí.

Jẹnẹrétọ̀ kú.
A jókòó díẹ̀ nínú òkùnkùn
kí kálukú tó wá bàtà rẹ̀.