Àyè Inú Aṣọ

Ọ̀gá mi ní Òkè-Fíà, ní Òṣogbo, kì í gé aṣọ aláboyún ní ìwọ̀n ara.
"Fi àyè sílẹ̀," ni yóò wí, tépù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu,
"ìka mẹ́ta lápá ọ̀tún, ìka mẹ́ta lápá òsì,
ikùn tó ń bọ̀ kò mọ ohun tí a kọ sínú ìwé lánàá."
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́.

Àmọ́ nígbà tó kan Múínátù fúnra rẹ̀,
ọ̀gá mi ni mò ń wí, ẹ má sọ pé mo pe orúkọ rẹ̀,
kò fi àyè kankan sílẹ̀.
Oyún pé oṣù márùn-ún, búbà Iléyá ṣì wọ̀ ọ́ wẹ́kú,
ó ń fi í yangàn níwájú dígí:
"Wò ó, Bọ́lárìnwá, n kò tíì sanra."
Ife tíì kan láàárọ̀, bisikíìtì méjì,
ẹfun tó ń họ jẹ bí eku nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ,
ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ iṣẹ́ títí oòrùn fi wọ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ránṣẹ́ láti Ìkìrun:
ẹyin ń sọ ọmọ di olè,
ìgbín ń mú itọ́ dà lẹ́nu ọmọ,
oúnjẹ púpọ̀ ń sọ ọmọ di òkúta tí kò ní rí ọ̀nà jáde.
Ọ̀rọ̀ àgbà, ta ni yóò bi í pé níbo ló ti rí i?
Mo gbé iyán wá lọ́jọ́ kan, ó fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó dá a padà.
Mo jẹ ẹ́. Ebi ń pa mí. Ojú sì tì mí.

Ní ọjọ́ ìwọ̀n, bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kún, kò gba ìdí mọ́.
Ọ̀gá mi bọ́ sálúbàtà, ó tú gèlè, ó bọ́ aago,
bí ẹni tó ń bẹ olówó pé kí gbèsè dínkù.
Ọwọ́ pupa inú òṣùwọ̀n mì, ó dúró.
Nọ́ọ̀sì Ọláídé wo káàdì, ó wo ojú, ó tún wo káàdì.
"O fi kílò kan dín sí ti oṣù tó kọjá.
Ikùn ń ga, ìwọ ń rù. Kí ni ọmọ yìí ń jẹ?"

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu ọ̀gá mi:
ẹkún kékeré, bí òwú tó já.

Nọ́ọ̀sì kò bú u.
"N kò ní kí o jẹun ẹni méjì. Àfikún díẹ̀ ni:
ẹ̀wà ṣíbí méjì, ẹyin kan, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́,
tẹ̀tẹ̀ tó bo ojú àwo, wàrà, ẹja yíyan.
Bí èébì bá gbé e, sinmi, kí o tún jẹ.
Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ kan, kò yára, kò lọ́ra.
Ẹyin kò jalè rí. Ènìyàn ló ń jalè."
Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi náà rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ ń ṣàn.

Kò rọrùn o. Lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ̀wà jáde bó ṣe wọlé.
Lọ́sẹ̀ kejì, mo po ìyẹ̀fun sóyà mọ́ ògì, ó dúró.
Ìyá ọkọ dé láìròtẹ́lẹ̀, ó bá ẹyin sísè méjì nínú abọ́.
Ó wò wọ́n pẹ́. Ó jókòó. Ó bó ọ̀kan,
ó nà án sí aya ọmọ rẹ̀.
Lẹ́yìn náà ló wí, bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀:
"Èmi kò jẹ ẹ́. Àkọ́bí mi, ọwọ́ kan ni a fi gbé e.
Kò dúró."

Oṣù méje rèé, ọjọ́ Jímọ̀. Mo fi tépù yí ikùn ọ̀gá mi ká,
mo kọ ọ́ sínú ìwé oníbàárà.
Búbà Iléyá kò gbà á mọ́. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì,
ó fi abẹ tú ojú rírán, ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì,
ó ń wá àyè tí kò fi sílẹ̀.
"A ó fi ègé mìíràn kún un."
Àwọ̀ wọn kò bára mu. Kò bìkítà.
Ó na owó sí mi: "Mọ́ínmọ́ín mẹ́rin. Méjì tèmi, ọ̀kan tìrẹ."
"Ìkẹrin ńkọ́, mọ̀?"
Kò dáhùn, ó ń fi eyín gé òwú.