Òkòtó Irin Hanus

Ní Klaksvík, níbi tí òkè méjì ti di òkun mú létí bí ọmọ aláìgbọràn,
bàbá mi Hanus ló ń tún atọ́nà ọkọ̀ apẹja ṣe.
Kọ́ńpáàsì olóòfà kọ́ o;
ìyẹn a máa purọ́ bó bá ti gbóòórùn irin.
Tiwa, òkòtó ni, irin dídán nínú agolo.
A ó tàn án, a ó fi í sílẹ̀ kó máa yí,
a ó lọ jẹ ẹran àgùntàn gbígbẹ, a ó bọ̀.
Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, yóò ti rọra kọjú sí àríwá tòótọ́
láìbéèrè lọ́wọ́ ìràwọ̀ kankan.
Ta ló sọ fún un? Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà.
Bàbá mi fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ pákó:
"Èyí tá a dúró lé yìí. Òun náà ń yí.
Òkòtó ló ń gbọ́ èdè òkòtó."

Lálẹ́, bí ìyá mi bá ti sùn,
a ó gbé òkòtó ńlá kan tó yọ nínú ọkọ̀ tó rì
ka orí òṣùwọ̀n ẹja.
Ó gbà pé bó bá yí dé ibi tó yẹ kó yí dé,
ìwúwo rẹ̀ yóò máa dín,
yóò dín, yóò dín, títí yóò fi gbéra nílẹ̀.
Èmi ni akọ̀wé. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi:
Ọjọ́ kẹta. Ó dúró: kílò mẹ́sàn-án.
Ó ń yí: kílò mẹ́sàn-án.
Ọjọ́ kẹjọ. Bákan náà.
Ọjọ́ kọkànlá, abẹ́rẹ́ gbọ̀n!
Ó gbé mi sókè, ó kígbe, ìyá mi jí.
Èmi ni mo bọ́ súwẹ́tà mi lọ́jọ́ kejì,
tí mo ká a sábẹ́ ẹ̀rọ náà,
torí tábìlì ni mo rí tó ń gbọ̀n.
Abẹ́rẹ́ dákẹ́. Bàbá mi náà dákẹ́.
Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Kọ ọ́."
Mo kọ ọ́.

Lónìí, nílé ẹ̀kọ́, mo fi okùn kan ṣoṣo
gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rọ̀ ní etí kan ọ̀pá àárín rẹ̀.
Bárður ní yóò já bọ́.
Kò já bọ́. Ó dùbúlẹ̀ sórí afẹ́fẹ́,
ó ń rìn yí okùn ká bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì tó sọ nù.
Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.
"Alágídí ni!"
Ó gbà, mo ní, àmọ́ ibòmíràn ló gbà á sí.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé
bí okun bá ń tán nínú rẹ̀, tí yíyí rẹ̀ ń falẹ̀,
ìgbà náà ni ìrìnkiri rẹ̀ ń yá sí i,
orí ń tẹ̀, ó ń wá ilẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe rìn lọ́dún tó kẹ́yìn,
fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé,
orúkọ ọkọ̀ ojú omi ló fi ń pè mí,
oríṣiríṣi ọkọ̀, àwọn tó rì pẹ̀lú.
Ife tíì kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.
Mo ta òkòtó kékeré kan nínú agolo rẹ̀,
mo fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.
Nọ́ọ̀sì Elspa dúró, ó ń wò wá.
Ọwọ́ fẹ́ gbọ̀n. Irin náà ò gbà fún un.
Bàbá mi mu tíì rẹ̀ láìda ẹ̀kán kan,
ó wo ọwọ́ náà, ó gbé e sókè sódò:
"Èló ló wọ̀n?"

Mo wo ojú rẹ̀.
"Bákan náà, bàbá."
"Kọ ọ́."
Mi ò ní gègé lọ́wọ́.