Àwo Mọ́kànlá

Ìbídùn, o ní kí n sọ èyí tí o máa kọ́kọ́ gbọ́.
Ìbéèrè kékeré, o rò bẹ́ẹ̀.
Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni mo ti tò wọ́n sórí ẹní,
àwo mọ́kànlá tí Ẹgbẹ́ Kànga Jíjìn ṣe kí wọ́n tó tú ká,
mò ń wò wọ́n bí ẹni tó lọ́mọ púpọ̀
tí wọ́n ní kó fi ẹyọ kan ránṣẹ́.
Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti dákẹ́. Ṣòkòtò Tíṣà Odétúndé
ṣì wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan ti parí,
èkejì ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́
kò fẹ́ràn rẹ.
Yàrá ìkàwé kan ní Pọ̀bẹ̀ ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, lọ́jọ́ òjò;
páànù ń pariwo ju gìtá lọ,
Sùúrù tó ń kọrin sì ń sá fún ohùn ara rẹ̀
bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.
Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti mọ ohun tí Sùúrù padà dà.
A kì í fi àwòrán ìgbà tí ọmọkùnrin ń yọ eyín
wá ìyàwó fún un.

Ìkẹta ńkọ́, elépo pupa?
Gbogbo Kétu ló máa sọ fún ọ pé òun ni.
Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.
Ẹni tó kọ́kọ́ he ẹran inú àwo tán,
kí ló máa fi jẹ iyán tó kù?

Ìkẹfà gùn. Ìkeje, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́
nítorí àwọn ará Kutọnu. Fò ó,
fò ó bí ẹní ń fo kòtò lọ́nà Ìlárá.

Ìkẹjọ, mi ò tíì lè bá ọ sọ ọ́.
Ọdún yẹn ni Làmídì kú, ẹni tó ń ta gìtá,
wọn ò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀.
Níbi tó ti máa ń dá Sùúrù lóhùn,
wọ́n fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.
Ìlù á dúró dè é.
Sùúrù á dúró dè é.
Lẹ́yìn náà, orin á máa lọ.
Bí o kò bá mọ Làmídì láàyè,
wàá rò pé àwo ló bàjẹ́.

Ìkarùn-ún ló wá kù sí mi lọ́wọ́,
òun ló sì bàjẹ́ ní tòótọ́.
Ojú kejì, orin kejì, abẹ́rẹ́ á máa fò:
mo ti dé etí… mo ti dé etí… mo ti dé etí…
kò ní dé etí odò láéláé
àfi tí mo bá fi ìka tì í.
Ìyá rẹ ló ha á.
Alẹ́ tí Léókádì ń múra Gàbọ́ọ̀nù, ó ní ká jó ẹyọ kan sí i,
ìdí rẹ̀ gbá tábìlì, gbogbo ilé mì.
Oyún rẹ ti pé oṣù méje.
Mo lè búra pé o gbọ́ ọ.

Nígbà tí omi ṣọ̀wọ́n nílùú yìí,
ìyá wa àgbà kì í béèrè korobá tó máa kọ́kọ́ jù sínú kànga.
Okùn ló máa ń fà wò,
bóyá ó gùn tó, bóyá ó ti já níbì kan.

Nítorí náà, wá lọ́jọ́ ọjà.
Di ojú, na ọwọ́ sórí ẹní, mú èyí tó bá bá ọ.
Tó bá jẹ́ ìkeje ni, a ó fara dà á.
Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yà ní Àjàṣẹ́, lọ́jà Wàndó,
lọ́dọ̀ bàbá tó ń tún rédíò ṣe,
kí o bá mi ra abẹ́rẹ́ gírámafóònù.
Tèmi ti kú látìgbà ọyẹ́;
inú orí ni mo ti ń gbọ́ gbogbo wọn.
Abẹ́rẹ́ pọ̀ nílé yìí, Ìbídùn,
kò sí èyí tó mọ orin.