Bátìrì Inú

Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti kọ̀ǹpútà yìí ti jọ ń jẹun
lábẹ́ páànù kan nítòsí ilé ìjọba ní Kétu.
Lẹ́tà ni mo ń bá ará ìlú tẹ̀: ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀,
ìwé sí ọkọ tó wà ní Lìbrìvíl tí kò fowó ránṣẹ́ mọ́.

Láti ìparí ọyẹ́ ló ti di ewúrẹ́ àsomọ́lẹ̀,
okùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ já lára ògiri.
Iná bá ṣẹ́jú, òun a kú.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tẹ ìwé ogún àwọn ọmọ Odúnlámì,
ẹ̀ẹ̀mẹrin ni iná gbé e lọ kí n tó kan ọmọ ìyàwó kékeré.
Ọmọ náà ti ń rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Títí di àárọ̀ tí pátákó ìtẹ̀ wú sókè
bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dà láàmú.

Fúlújẹ́ńsì dojú rẹ̀ délẹ̀, ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́wàá;
ọ̀kan tí orí rẹ̀ ti jẹ, rọ́bà ló fi bò ó kó tó gbà.
Ó ní, “Àwọn ti àtijọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n ń pọn bátìrì sí,
ẹ ó kàn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ọmọ.
Tiyín wà nínú ikùn.”
Mo wo inú ẹ̀rọ mi nígbà àkọ́kọ́:
eruku, fọ́nrán irun mi méjì, èèrà gbígbẹ kan,
àti ohun dúdú tó wú bí àpò tí òjò pa.
“Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn.
Iná ló sùn síbẹ̀ yẹn.”
Ó gbé e sínú agolo oníyanrìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù,
jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin.
Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.
“Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ má rà á.”

Pọ́bẹ̀, kò sí.
Ìsàkété, ọmọdé kan rẹ́rìn-ín: “Ìyá, ẹ ra kọ̀ǹpútà tuntun.”
Mo ní, orúnkún ìyá tìrẹ náà ńkọ́?

Nígbà tí mo fi dé Àjàṣẹ́, lọ́jà Wándò,
òógùn ti ń pa nọ́ńbà rẹ́ lọ́wọ́ mi.
Séjìró kó mẹ́ta sílẹ̀.
Àkọ́kọ́ gùn ju ibùsùn rẹ̀ lọ.
Èkejì ṣe rẹ́gí, àmọ́ ọ̀tún ni ẹnu okùn rẹ̀ kọ sí,
tiwa ń kọ sósì.
Ẹ̀kẹta wà nínú ọ̀rá, ó ń dán;
Séjìró fúnra rẹ̀ ló yí i padà, tó fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ hàn mí.
Ọdún mẹ́jọ ló ti sùn.
“Tuntun ni, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó.”
Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo ṣe jókòó.

Ó wọlé, ó gbé òkú ẹ̀rọ kan jáde,
ojú rẹ̀ ti fọ́ yángá, inú rẹ̀ pé.
A fi àtẹ́lẹwọ́ mi wé e, lẹ́tà sí lẹ́tà.
Ó pe ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá, mo pe mẹ́sàn-án,
a pàdé ní mọ́kànlá.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Láṣebìkan wá kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀.
A ṣì wà lórí ìkíni nígbà tí iná lọ.
Àdúgbò pariwo.
Ìka mi gan lórí bọ́tìnì, bí ìṣe rẹ̀ àtijọ́.
Ojú ẹ̀rọ kò ṣẹ́.
Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí irùngbọ̀n bàbá.
“Ṣé ó ṣì ń gbọ́ wa?”
Mo wo igun: ìdá mọ́kàndínlógójì ló kù nínú ọgọ́rùn-ún.
“Ó ń gbọ́, bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́.”
Ó dákẹ́ díẹ̀.
“Pa gbogbo ìkíni yẹn rẹ́.
Bi í bóyá ó ń jẹun.”