Fún Brody Pardy, Lẹ́yìn Ìdánwò Àkọ́kọ́

Má fa ìwé ìdánwò yẹn ya, Brody.
Méjìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe òkú.
Mọ́kàndínlógún lèmi gbà nígbà tèmi.
Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú kọ́lẹ́ẹ̀jì,
yìnyín ń já lu gíláàsì,
mo jẹ odindi páálí bisikíìtì kan láì mu omi.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ akàn
nílé iṣẹ́ ẹja, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.
Nígbà tí mo dé Corner Brook láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì,
mo rò pé kí a kàwé náà ni kí a mọ̀ ọ́n.
Mo kà á, mo tún un kà,
mo fi pẹ́ńsù kùn ún, gbogbo ojú ewé pọ́n bí ìyeyè.
Ojú nìkan ló kàwé;
ọpọlọ ò sí nílé.

Pa ìwé dé. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.
Pa á dé, kí o bi ara rẹ léèrè:
ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọmọńdinrín ẹsẹ̀,
yàrá wo ló kọ́kọ́ yà sí nínú ọkàn?
Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un? Ta ló tì í mọ́ ọn lẹ́yìn?
Nígbà tó dé ẹ̀dọ̀fóró, kí ló sọ̀ kalẹ̀, kí ló gbé?
Ibi tí o bá ti dákẹ́ gan-an
ni kí o ṣí ìwé sí.

Mo ya ọkàn sára fèrèsé bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kan:
mo mí sí gíláàsì títí ó fi ṣú,
mo fi ìka fa yàrá mẹ́rin, ilẹ̀kùn mẹ́rin.
Ambrose Rideout, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
yọjú láti ìjókòó ẹ̀yìn: "Kí nìyẹn?"
Mo ṣàlàyé, ó dojú rú. Ó ní kí n tún un sọ.
Nígbà tí mo dé ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn,
èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde lọ sí gbogbo ara,
ó na ìka kan tó ń gbọ̀n, ó fi kàn án.
"Èyí ni wọ́n pààrọ̀ fún mi ní St. John's.
Ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."
Láti ọjọ́ yẹn, ta ni yóò gba ilẹ̀kùn yẹn lọ́wọ́ mi?

Wá ẹni tí yóò máa bi ọ́ ní ìbéèrè, Brody.
Ìyá rẹ àgbà. Ajá rẹ pàápàá, bí kò bá sí ẹlòmíì,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá máa ń tètè gbà fúnni jù.

Mo mọ irú yín: ẹ ó kó orí mẹ́fà jọ
títí ìdánwò yóò fi ku ọ̀la,
ẹ ó wá máa da kọfí sára
bí ẹni ń bu omi sínú apẹ̀rẹ̀.
Lọ sùn.
Ogún ìṣẹ́jú lónìí, ogún lọ́la,
díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà
(Ambrose yóò rẹ́rìn-ín sí èyí).

Látìn tó sì ń bà ọ́ lẹ́rù, àlàjẹ́ lásán ni.
Ẹnì kan wo egungun wẹ́wẹ́ mẹ́jọ nínú ọrùn ọwọ́,
ó pe ọ̀kan ní ọkọ̀ ojú omi,
ó pe ọ̀kan ní òṣùpá,
ó pe èyí tó kéré jù ní ẹ̀wà.
Akàn ti ba ọrùn ọwọ́ mi jẹ́;
bó bá ń ro mí lóru, mo ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo sì ń mọ ẹni tó ń sunkún nínú wọn.

Ọjọ́ Sátidé, kọ́kọ́rọ́ yàrá egungun wà lọ́wọ́ mi.
Mú ìbọ̀wọ́ dání, ẹ̀rọ amúlé-gbóná ibẹ̀ ti kú láti oṣù kẹwàá.
Má wulẹ̀ gbé ìwé wá.

Ó yá, na ọwọ́ rẹ.
Òṣùpá dà?